Ẹ gbà mí o: kí ló dé tí Hitler ò sọdá sí ìlú Ọba, tí Jàpáánì náà ò wọ Amẹ́ríkà?

Màmá Tòmíwá:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ ọmọ mi. Ọmọ ọdún 13 ni, wọ́n ní kó kọ nǹkan nípa Ogun Àgbáyé Kejì wá sí kíláàsì, ló bá tẹ́ máàpù síwájú mi, ó ní "Mọ́mì, Faransé rèé, ìlú Ọba rèé, omi tó wà láàárín wọn ò tó ìka mi, Hitler gba Pólándì, ó gba Nọ́wè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló fi gba Faransé, kí ló wá ṣe é tí ò lè sọdá?" Mo ní ẹ̀rù ló bà á. Ó wò mí títí, ó ní ẹni tó lọ kọlu Rọ́ṣíà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù kí ló máa ń bà á? Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Kí n tó mí, ó ti dórí Jàpáánì, pé ṣebí wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó nefì Amẹ́ríkà ní Hawaii, kí ló dé tí wọn ò kúkú wọ Amẹ́ríkà lọ? Amẹ́ríkà náà ńkọ́, kí ló dé tí wọn ò kó sójà wọ Jàpáánì, tó fi jẹ́ atọ́míìkì ni wọ́n jù? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀tàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé ẹ̀ bí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan á ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀ fọ́mọdé. Ọjọ́ Ẹtì ló máa fi sílẹ̀.

Délé77:
Ti Amẹ́ríkà yẹn rọrùn mà. Yamamoto, ọ̀gá nefì Jàpáánì, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ pé ẹni tó bá wọ Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn koríko kọ̀ọ̀kan ni ìbọn á ti máa yọ sí i. Gbogbo ilé ló nìbọn níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ ìyẹn, ó parí.

Olùkọ́ Ìtàn:
Délé, má jẹ́ kọ́mọ ọlọ́mọ gba òdo o. Kò síbi tẹ́nikẹ́ni ti rí ọ̀rọ̀ yẹn nínú ohun tí Yamamoto kọ tàbí tó sọ, àwọn èèyàn kàn ń gbé e kiri ni. Èyí tó kọ lóòótọ́ dáa ju ìyẹn lọ. Nínú lẹ́tà kan ní January 1941 ó sọ pé tí ogun bá bẹ́ láàárín àwa àti Amẹ́ríkà, ká gba Guam ò tó, ká gba Philippines ò tó, kódà ká gba Hawaii àti San Francisco ò tó, àfi ká rìn wọ Washington ká lọ jókòó sí White House ká ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe pé ó ń ṣe fáàrí o. Ńṣe ló ń fi àwọn tó ń pariwo ogun ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń bi wọ́n pé ṣé ẹ ti múra tán láti lọ débẹ̀ yẹn? Ó ti gbé Amẹ́ríkà rí, ó rí bí fákítọ́rì wọn ṣe pọ̀ tó, epo wọn náà ńkọ́.

Ọ̀rọ̀ epo yẹn gan-an ni kí Tòmíwá dì mú. Amẹ́ríkà ni Jàpáánì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo ẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá dá epo dúró ní 1941, Jàpáánì níṣòro, nítorí ogun tó ń jà ní Ṣáínà láti 1937 ń mu epo bí ẹni mumi. Epo tó sún mọ́ ọn wà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Indonesia lónìí, ọwọ́ àwọn Dutch ló wà nígbà náà. Ibẹ̀ ló ń lọ! Pearl Harbor, December 7, 1941, wọ́n kàn fẹ́ ṣẹ́ Amẹ́ríkà lápá ni kó má bàa dá wọn lọ́wọ́ kọ́ lọ́nà epo yẹn. Wọ́n rò pé kó tó di pé Amẹ́ríkà rí ara ẹ̀ gbé ńlẹ̀, àwọn á ti mọ odi yí gbogbo erékùṣù tí wọ́n bá gbà ká, á wá sú Amẹ́ríkà, á ní kí wọ́n jẹ́ ká sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n jókòó ṣètò bí wọ́n ṣe máa gba California.

Ṣọlá_K:
Olùkọ́ ẹ ṣeun, àmọ́ Hawaii ńkọ́? Mo ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ìyẹn.

Olùkọ́ Ìtàn:
Òótọ́ ni, àwọn nefì bá a débi kan, àwọn ológun orí ilẹ̀ ló ní àwọn ò ní sójà tí àwọn máa kó fún wọn. Ó ju mílíọ̀nù kan sójà wọn lọ tó wà ní Ṣáínà àti Manchuria tó wà lókè Ṣáínà, torí wọ́n tún ń ṣọ́ Rọ́ṣíà. Ẹ ráńtí pé nefì Jàpáánì àtàwọn ológun orí ilẹ̀ ẹ̀ ò fẹ́ràn ara wọn rárá, bí orogún ni wọ́n ṣe ń ṣe. Nígbà tó wá di June 1942 ọkọ̀ Jàpáánì mẹ́rin tó ń gbé báálù rì nínú ìjà erékùṣù Midway, Akagi, Kaga, Soryu àti Hiryu, ọ̀rọ̀ Hawaii bá omi lọ. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní wọ́n gba Hawaii, ó ṣì ku nǹkan bí kìlómítà 3,900 kí wọ́n tó dé California. Ta ló máa gbé oúnjẹ lọ fún wọn níbẹ̀?

Atukọ̀ Fẹ̀yìntì:
Mo dé. Ọdún 22 ni mo fi wà lórí ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí n mú ti ìlú Ọba torí omi yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Tòmíwá sọ pé kò tó ìka òun, ó gbìyànjú, ibi tó fún jù láàárín Dover àti Calais ò ju kìlómítà 33 sí 34 lọ, tójú ọjọ́ bá mọ́ wàá rí òdìkejì. Àmọ́ omi yẹn máa ń ga sókè sódò tó mítà 6 lójúmọ́ láwọn ibì kan, ó ń ṣàn bí odò tó kún, atẹ́gùn ibẹ̀ ò gbọ́ tẹnìkan. Odò lásán kọ́ nìyẹn.

Ohun tí Jámánì fẹ́ fi sọdá wá ló máa pa yín lẹ́rìn-ín. Wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọkọ̀ kankan tí wọ́n dìídì kàn láti gbé sójà lọ sí etíkun. Wọ́n bá lọ kó ọkọ̀ ẹrù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó èédú àti yanrìn lórí odò Rhine, ó lé ní 2,000, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ní ẹnjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ló máa fi okùn wọ́ ọ. Mo ti rí irú ọkọ̀ yẹn dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò ga rárá, lórí odò kò sí wàhálà ṣùgbọ́n tí ìgbì òkun bá dé, omi á kàn máa wọlé bí ẹni wọ yàrá ni. Wọ́n wá ní kí wọ́n fi ìyẹn kó sójà àti táńkì àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni o, ẹṣin! ẹṣin ló ń wọ́ púpọ̀ nínú ẹrù ológun Jámánì. Lálẹ́. Lórí okùn. Pẹ̀lú ìyára tí ò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí nefì ìlú Ọba ṣáà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú eré, ìgbì tí ọkọ̀ ogun dá sílẹ̀ nìkan lè dà lára wọn nù kí wọ́n tó yìnbọn.

Nefì Jámánì náà ńkọ́? Wọ́n ti fi sílẹ̀ ní Nọ́wè. Lóòótọ́ wọ́n gba Nọ́wè ní 1940, àmọ́ ọkọ̀ Blücher rì, Karlsruhe àti Königsberg rì, ní èbúté Narvik nìkan ọkọ̀ ogun ayára mẹ́wàá ló lọ, ìdajì gbogbo èyí tí wọ́n ní. Tòmíwá kà Nọ́wè mọ́ àwọn ibi tí Hitler jẹ, ẹ sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ló ti pàdánù ọkọ̀ tí ì bá fi sọdá. Raeder tó jẹ́ ọ̀gá nefì Hitler mọ̀, kò fẹ́ gbọ́ nípa ìrìnàjò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń wá ẹni tó máa dá a dúró bá òun ni.

Ṣọlá_K:
Ẹ̀gbọ́n ẹ pa mí lẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹṣin yẹn. Ṣùgbọ́n ṣebí báálù ni wọ́n ní ó pinnu ẹ̀? Àwọn RAF, ológun òfurufú ìlú Ọba.

Atukọ̀ Fẹ̀yìntì:
Méjèèjì ni, àbúrò. Nefì ló ní tí ẹ ò bá lé báálù ìlú Ọba kúrò lójú òfurufú a ò lè jáde. Göring, ọ̀gá ológun òfurufú Jámánì, náà ní ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Láti July títí wọ October 1940 ni wọ́n ń jà lókè, ìlú Ọba ní réédà tó ń rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, September 15 wọ́n fọ́ Jámánì lójú, September 17 Hitler ní kí wọ́n sún ìsọdá síwájú, kò dá ọjọ́. Kò padà dá ọjọ́ náà mọ́ láéláé. Àmọ́ èrò tèmi ni pé tí wọ́n bá tiẹ̀ borí lókè, ọkọ̀ èédú yẹn ò lè dé. Ní 1974, ní Sandhurst tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà ìlú Ọba, wọ́n kó àwọn tó mọ̀ ọ́n jọ láti ìhà méjèèjì, wọ́n fi ogun náà ṣeré lórí tábìlì. Jámánì gúnlẹ̀ lóòótọ́ o. Nefì wá dé sẹ́yìn wọn, ó dínà oúnjẹ àti ìbọn mọ́ wọn, àwọn tó kù nílẹ̀ juwọ́ sílẹ̀.

Bàbá Onímáàpù:
Màmá Tòmíwá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin ará ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ dáadáa, nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí ọmọ náà rí. Ṣé Hitler tiẹ̀ fẹ́ lọ ni? Faransé juwọ́ sílẹ̀ June 22, 1940, ó tó nǹkan bí oṣù kan kó tó fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìsọdá, July 16, ètò tí wọ́n pè ní Sea Lion. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló tún dìde tó ní òun ò rí ìdí tí ogun fi gbọ́dọ̀ máa lọ, kí ìlú Ọba jẹ́ kí àwọn parí ìjà. Ẹni tó ń múra láti wọlé onílé kì í tún dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa bẹ̀bẹ̀. Ó rò pé wọ́n máa gbà ni. Churchill, olórí ìjọba ìlú Ọba, ò gbà. Ó wá di pé kí ló kàn? Hitler ní ìrètí tó kù fún ìlú Ọba ni Rọ́ṣíà, tí Rọ́ṣíà bá ṣubú wọ́n á gbà ní tipátipá, Rọ́ṣíà sì ni ilẹ̀ tó ti ń dọdẹ ẹ̀ tipẹ́, láti ìgbà tó ń kọ̀wé lẹ́wọ̀n. June 22, 1941 ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí Tòmíwá fi pa ìyá ẹ̀ lẹ́nu mọ́ ni ìdáhùn gan-an, ọmọ yẹn gbọ́n. Ẹ̀rù ò bà á. Lójú tiẹ̀, Rọ́ṣíà ni ó rọrùn, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n máa fi rìn dé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò, ó yẹra fún odò, ó wá fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ yìnyín.

Délé77:
Bàbá, ìyẹn gbà o 😂

Ìyábọ̀dé:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti Jàpáánì níparí torí òun ni mo kà jù. Amẹ́ríkà fẹ́ wọlé o! Wọ́n ti dájọ́. Ètò náà ń jẹ́ Downfall, ó pín sí méjì: November 1, 1945 wọ́n á gúnlẹ̀ sí Kyushu, erékùṣù ńlá Jàpáánì tó wà níhà gúúsù, March 1946 wọ́n á wá gúnlẹ̀ sí ìtòsí Tokyo. Ọkọ̀ wà, oúnjẹ wà, epo wà, gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Atukọ̀ ní Jámánì ò ní, Amẹ́ríkà ní in tó ṣẹ́kù. Ohun tó ń kọ wọ́n lóminú ni Okinawa. Láti April títí June 1945 ni wọ́n fi jà níbẹ̀, nǹkan bí 12,500 ọmọ Amẹ́ríkà ló kú, àwọn ọmọ Jàpáánì àti ará ìlú tó kú ò ṣe é fẹnu sọ, báálù kamikaze, èyí tí awakọ̀ ẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń fi kú, ń já lu ọkọ̀ léraléra. Erékùṣù kékeré kan nìyẹn! Kyushu wá ńkọ́?

Àwọn Jàpáánì náà gbé máàpù wò, wọ́n mọ etíkun tí wọ́n máa gbà wọlé, kò sí ibòmíì tó bọ́gbọ́n mu. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Wọ́n ń kó sójà lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Amẹ́ríkà sì ń gbọ́ torí wọ́n ti já kóòdù wọn. Báwọn ọ̀gá Amẹ́ríkà ṣe ń ka ìròyìn yẹn ni ara ń tutù. Àwọn nefì ní ẹ jẹ́ ká kàn dínà mọ́ wọn, ebi á pa wọ́n, báálù Amẹ́ríkà ti ń da bọ́ǹbù sínú omi etí èbúté Jàpáánì láti March, Operation Starvation ni wọ́n pe ìyẹn. Atọ́míìkì bọ́ sí Hiroshima, August 6. Rọ́ṣíà kéde ogun, August 8. Atọ́míìkì kejì bọ́ sí Nagasaki, August 9. August 15 Hirohito, ọba Jàpáánì, sọ̀rọ̀ lórí rédíò pé àwọn juwọ́ sílẹ̀. Downfall ò ṣẹlẹ̀.

Délé77:
Torí bọ́ǹbù ni ṣá.

Ìyábọ̀dé:
Délé, àwọn onítàn ṣì ń bá ara wọn jà lórí ìyẹn, àwọn kan ní Rọ́ṣíà ló dẹ́rù bà wọ́n jù. Kí Tòmíwá kọ méjèèjì. Kó tún kọ pé Stalin, olórí Rọ́ṣíà, fẹ́ gúnlẹ̀ sí Hokkaido, erékùṣù Jàpáánì tó wà níhà àríwá, lóṣù yẹn náà, Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà, ní rárá, Stalin sì fà sẹ́yìn, torí kò tó ohun tí ó máa tìtorí ẹ̀ bá Amẹ́ríkà jà. Ìyẹn náà jẹ́ ìdí kan, pé ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní ìhà kan lè dá yín dúró.

Kúnlé_A:
Èmi ò fẹ́ gùn. Tí tíṣà bá fẹ́ kó fi nǹkan mìíì wé e, àwọn ogun tí ẹni tó borí ti dúró láìwọ ilé ọ̀tá lọ rèé:

1918. Ogun Àgbáyé Kìíní parí November 11, sójà Jámánì ṣì wà lórí ilẹ̀ Faransé àti Belgium, àwọn ọ̀tá ò tíì rìn wọ Jámánì. Pershing ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà ní ẹ jẹ́ ká lọ títí wọ́n á fi juwọ́ sílẹ̀ pátápátá, Foch, ará Faransé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà gbogbo wọn, ní ohun tá a fẹ́ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, kí la tún ń pa ọmọ èèyàn sí. Ọ̀rọ̀ Foch ló jáde. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé àwọn ará ilé ní Jámánì ò rí ọ̀tá ní ìgboro wọn, wọ́n wá gbà gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun àwọn lójú ogun, pé àwọn kan nílé ló gún àwọn lọ́bẹ lẹ́yìn. Hitler jẹ lórí irọ́ yẹn gan-an.

1971. Íńdíà gba Dhaka, ní apá ìlà oòrùn Pakísítànì nígbà náà (Bangladesh lónìí), December 16, ó mú nǹkan bí 93,000 èèyàn Pakísítànì ní ẹlẹ́wọ̀n ogun, Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, ò sì tẹ̀síwájú ní ìwọ̀ oòrùn láti lọ fọ́ Pakísítànì tó kù, ó ní kí ogun dúró. Ohun tó wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ti rán ọkọ̀ ogun wá sí òkun ibẹ̀ náà.

1982. Ìlú Ọba gba erékùṣù Falklands padà lọ́wọ́ Ajẹntínà, kò kó ogun wọ ilẹ̀ Ajẹntínà fúnra ẹ̀. Wọ́n ti jíròrò pé kí wọ́n lọ kọlu ibùdó báálù kan níbẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀.

1991. Kuwait bọ́ lọ́wọ́ Iraq, wákàtí 100 péré ni ogun orí ilẹ̀ gbà, Bush àgbà, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ò lọ sí Baghdad, olú ìlú Iraq. Wọ́n bú u dáadáa nígbà náà. Lẹ́yìn 2003 tí Amẹ́ríkà wá wọ Iraq, ariwo yẹn dínkù.

Màmá Tòmíwá:
Ah, ẹ ṣeun ṣeun ṣeun. Mo ti kà á fún un, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó débi ẹṣin. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, ọmọ yìí ò ní pa mí. Ó ní tí omi yẹn bá burú tó bẹ́ẹ̀, báwo ni Amẹ́ríkà àti ìlú Ọba ṣe wá sọdá padà sí Faransé ní 1944? Ṣé omi yẹn ò mọ̀ wọ́n ni?

Atukọ̀ Fẹ̀yìntì:
Háà, ẹ bá mi kí Tòmíwá. Ẹ sọ fún un pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi múra. Ọjọ́ June 6 yẹn, ó sún mọ́ 7,000 ọkọ̀ ńlá àti kékeré, sójà tó lé ní 150,000 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí iwájú ẹ̀ ń ṣí kalẹ̀ bí ilẹ̀kùn, wọ́n kàn ọ́n fún iṣẹ́ yẹn ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ oníyanrìn. Ojú òfurufú jẹ́ tiwọn, nefì Jámánì ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ kọ́ èbúté méjì ní ìlú Ọba, wọ́n fi ọkọ̀ wọ́ ọ gba orí omi kọjá lọ tò sí Normandy. Bó ti wù kó rí, omi yẹn ṣì mú tiẹ̀: June 5 ni wọ́n ti fẹ́ lọ, ojú ọjọ́ ò jẹ́. June 19 ìjì dé, ó fi ọjọ́ mẹ́ta fọ́ èbúté tí Amẹ́ríkà lò yángá, wọn ò tún un ṣe mọ́.

Tí wọ́n bá ní kó ya àwòrán, kó ya ọkọ̀ èédú yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó ya ọkọ̀ onílẹ̀kùn sí ìkejì. Tíṣà á rí i.

Olùkọ́ Ìtàn:
Nǹkan kan kó tó fi sílẹ̀ mà: kó má kọ pé Jàpáánì ò tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà rárá o. June 1942 wọ́n gba erékùṣù méjì ní Alaska, Attu àti Kiska, ó fẹ́ẹ̀ tó ọdún kan kí Amẹ́ríkà tó gba Attu padà. Wọ́n tún fi bàlúùnù afẹ́fẹ́ gbé bọ́ǹbù sọdá òkun, ó lé ní 9,000, èèyàn mẹ́fà ni ọ̀kan pa ní Oregon ní May 1945, obìnrin kan tó lóyún àti ọmọ márùn-ún, wọ́n lọ ṣeré nínú igbó ni. Kó kọ ọ́ pé "kò wọ ilẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà".

Màmá Tòmíwá:
Ó ti pa á rẹ́, ó ti kọ "ilẹ̀ ńlá" sí i. Ọkọ̀ èédú ló ń yà lọ́wọ́ báyìí, ó ti fi ẹṣin mẹ́ta sínú ẹ̀.